Kí ló dé tí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ òkun méjì kò fi bára mu, nígbà tí GPS sọ pé òun péye?

Ọ̀dọ́mọkùnrin sọ́fẹ́yọ̀ kan ní Ìbàdàn ló kọ lẹ́tà yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ wa gba iṣẹ́ wíwọn ìsàlẹ̀ òkun níwájú Lẹ́kì, níbi tí omi ti jìn tó mítà 18. A kọ́kọ́ fi RTK (GPS tí ẹ̀rọ kejì létí òkun ń tún ṣe lójú ẹsẹ̀) wọ̀n ọ́n nínú oṣù Kẹta. A gbé base, ìyẹn ẹ̀rọ kejì náà tó dúró sójú kan, sórí òpó sọ́fẹ́yọ̀ kan létí òkun, a sì ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Nínú oṣù Keje, a padà lọ fi PPP (GPS tí kò nílò base) tí a háyà wọn ibì kan náà. Àfọ́kù ọkọ̀ kan wà nísàlẹ̀ omi tó hàn nínú ìwọ̀n méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tó wà fi mítà mẹ́ta yàtọ̀ síra. Jíjìn omi náà fi nǹkan bí ogójì sẹ̀ǹtímítà yàtọ̀, ó sì burú ní etí ìlà (ibi tí ọkọ̀ wọ̀n ní ìrìn kan) ju àárín lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ojú ẹ̀rọ GPS kọ ọ́ pé àṣìṣe òun jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì. Nígbà kejì, ó kọ mẹ́jọ. Oníbàárà kò fẹ́ gba iṣẹ́ náà, ọ̀gá wa sì fẹ́ ra ẹ̀rọ GPS tuntun olówó gọbọi. Ṣé sátẹ́láìtì ló ń parọ́ fún wa ni? Èwo nínú méjèèjì ni ká gbà gbọ́?”

Àbúrò mi, mo kí ọ fún ìbéèrè yìí, nítorí pé ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi owó bò mọ́lẹ̀ láì wádìí rẹ̀. Bí mo bá lóye rẹ dáadáa, ohun tó rú ọ lójú ni pé ẹ̀rọ méjèèjì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn péye, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kò bára mu, o sì rò pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òpùrọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti sọ òótọ́ nípa ohun tí wọ́n wọ̀n. Nínú gbogbo ohun tó lè fa ìyàtọ̀ tí o ṣàlàyé yìí, sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ló kéré jù lójú mi, àfi ní wákàtí kan tí màá fọwọ́ bà níwájú. Nítorí náà, bá mi bẹ ọ̀gá rẹ kó má tíì náwó.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Sẹ̀ǹtímítà méjì tí RTK kọ ń sọ nípa ibì kan ṣoṣo, ìyẹn àárín áńténà tó wà lórí òpó ọkọ̀ yín. Kò mọ nǹkan kan nípa ìsàlẹ̀ òkun. Ẹni tó mọ ibi tí fìlà rẹ wà gẹ́lẹ́ kò tíì mọ ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ tẹ̀, àgàgà bí o bá ń jó, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í sinmi ijó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ara rẹ̀ wò: ó ń wo bí àwọn ìgbì rédíò tó ń gbà ṣe bára mu, ìyẹn ló sì fi ń ṣírò nọ́ńbà tó ń gbé sójú. Bí ẹnì kan bá tẹ ipò òpó base yín sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú àṣìṣe mítà mẹ́ta, gbogbo ohun tí ẹ bá wọ̀n lọ́jọ́ náà yóò ṣí ní mítà mẹ́ta, ojú ẹ̀rọ yóò sì máa kọ sẹ̀ǹtímítà méjì lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Tún ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń kọ ìwọ̀n àṣìṣe tí wọn kì í kọjá ní nǹkan bí ìgbà 68 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ìlànà ìwọ̀n òkun ti àgbáyé ń béèrè èyí tí a kì í kọjá ní ìgbà 95. Nítorí náà, ìlọ́po méjì nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ló yẹ kó o máa ní lọ́kàn, kó o tó dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti omi rárá.

Sátẹ́láìtì GPS ń yí ayé ká ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè orí wa, àkókò ni a sì fi ń wọn ọ̀nà tó wà láàárín wa. Ìgbì rédíò ń rin ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà nínú ìdá kan lára bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, o sì lè fojú inú wo bí aago ṣe gbọ́dọ̀ péye tó. GPS lásán, irú èyí tó wà nínú fóònù, a máa fi mítà mélòó kan ṣì ní gbangba. RTK àti PPP ń ka ìgbì tó ń gbé ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì wá fúnra rẹ̀, ìgbì kan lórí ìkànnì L1 sì gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 19. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sún mọ́ òótọ́ dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà. RTK ń fi ohun tí base rí tún ohun tí ọkọ̀ rí ṣe lójú ẹsẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń jìnnà sí base ni agbára rẹ̀ ń dínkù. PPP kò nílò base nítòsí. Àtúnṣe ipò àti aago àwọn sátẹ́láìtì tí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fi ránṣẹ́ ló gbára lé, ó sì máa ń gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó balẹ̀. Bí ìgbì bá já lójijì, ó ṣeé ṣe kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wákàtí tí mo ní màá fọwọ́ bà nìyí. Láàárín sátẹ́láìtì àti áńténà ni ìpele afẹ́fẹ́ òkè kan wà tí oòrùn ti fi iná mànàmáná kún, tí à ń pè ní ionosphere. Nítòsí ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì, èyí tó gba àríwá orílẹ̀-èdè wa kọjá, ìpele yìí kì í fara balẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ìlú wa: àwọn onímọ̀ físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn ti ń fi ẹ̀rọ rédíò wo ìpele yìí láti àwọn ọdún 1950 wá, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ GPS. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ihò a máa là nínú ìpele náà, ìgbì tó bá gba ibẹ̀ kọjá a sì máa gbọ̀n, kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́ nù. Ó ń burú jù ní àyíká oṣù Kẹta sí Kẹrin àti Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ó sì ń le sí i ní àwọn ọdún tí oòrùn bá wà ní góńgó ìyípo ọdún mọ́kànlá rẹ̀. Ọdún 2024 ni NASA kéde pé ó ti dé góńgó tó kẹ́yìn. Ẹ ṣiṣẹ́ nínú oṣù Kẹta títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe bí mo bá wà ní ipò rẹ ni pé màá ṣí àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn láti nǹkan bí aago méje lọ, kí n wo iye ìgbà tí ẹ̀rọ já bọ́ láti fixed (ìgbà tó ka ìgbì pé pérépéré) sí float (ìgbà tó kàn ń fojú bù ú), kí n sì wo bóyá gíga áńténà fò sókè tàbí bọ́ sílẹ̀ lójijì. Àwọn ìlà tí ẹ wọ̀n ní ọ̀sán lè dára pátápátá nígbà tí ti alẹ́ kò dára.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè ṣàlàyé mítà mẹ́ta tó dúró gbọn-in, nítorí náà jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó wá sínú omi. Ìgbì rédíò sátẹ́láìtì kò lè wọ inú omi iyọ̀ lọ. Láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ìró ni multibeam, ẹ̀rọ tó ń rán ọ̀pọ̀ ìtànṣán ìró lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ń lò, ẹ sì gbọ́dọ̀ so ipò áńténà pọ̀ mọ́ ipò ẹ̀rọ ìró náà pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ̀yin fúnra yín fi téèpù tàbí total station (ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọn sọ́fẹ́yọ̀) wọ̀n lára ọkọ̀. Bí áńténà bá fi mítà mẹ́jọ ga ju ẹ̀rọ ìró lọ, tí ọkọ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní dígírì márùn-ún, áńténà ti ṣí kúrò lókè ẹ̀rọ ìró ní nǹkan bí àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀rọ tó ń mọ fífì ọkọ̀ yóò tún èyí ṣe bí ìwọ̀n tí ẹ fún un bá tọ́. Bí ẹnì kan bá kọ mítà mẹ́fà dípò mẹ́jọ, tàbí tó fi àmì àròkún sí ibi tó yẹ kó fi àyọkúrò sí, àtúnṣe náà gan-an á wá di àṣìṣe. Mo ti rí i tí ọkọ̀ kan lo gbogbo sáà iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tún tí wọ́n kọ sí òsì, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀, nítorí pé ìlà kọ̀ọ̀kan dùn ún wò lójú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo fura sí jù nípa mítà mẹ́ta yín ni àkókò. Bí ọkọ̀ bá ń rin mítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀rọ̀ GPS sì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ dé inú kọ̀ǹpútà, mítà mẹ́ta gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wáyà kan tí a pààrọ̀, tàbí àmì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tí a gbàgbé láti so mọ́ ẹ̀rọ ìró, ti tó láti fa irú rẹ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ rẹ̀ rọrùn: wo ìlà tí ẹ fi lọ àti ìlà tí ẹ fi bọ̀ lórí àfọ́kù náà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí o má da méjèèjì pọ̀. Bí àfọ́kù náà bá sún síwájú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, tó sì sún sí òdì kejì nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, nínú ọkọ̀ ni àìsàn náà wà, ì báà ṣe àkókò tàbí igun tí ẹ̀rọ ìró fi tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ tún ìlà kan náà gbà ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ìyára méjì, nítorí pé àṣìṣe àkókò ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀, igun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àfọ́kù náà bá dúró sí ibì kan náà ní àlọ àti àbọ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ méjèèjì ṣì fi mítà mẹ́ta jìnnà síra, yíjú sí òpó base àti sí datum, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí a fi ń ka ipò lórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ datum ti da ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rú ní ilẹ̀ yìí. Àwọn òpó sọ́fẹ́yọ̀ àtijọ́ wà lórí datum Minna, PPP sì ń fúnni ní ipò lórí ètò àgbáyé tó sún mọ́ WGS84, datum tí GPS ń lò, pẹ́kípẹ́kí. Ìyàtọ̀ méjèèjì ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tí kì í rí i bó bá gbàgbé ìyípadà náà pátápátá. Èyí tó ń fara sin ni pé oríṣiríṣi nọ́ńbà ìyípadà ló wà níta láti Minna sí WGS84, wọ́n sì fi mítà mélòó kan yàtọ̀ síra. Bí ẹni tó ṣètò RTK bá mú ọ̀kan, tí ẹni tó ṣètò PPP mú òmíràn, kò sí ẹ̀rọ tó máa pariwo. Béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

Etí ìlà tó burú ju àárín lọ ń tọ́ka sí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni igun tí ẹ̀rọ ìró fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní mítà 18, ìtànṣán tó ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ gan-an ní 60 dígírì ń kan ilẹ̀ ní nǹkan bí mítà 31 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àṣìṣe dígírì kan níbẹ̀ ti di sẹ̀ǹtímítà 54 nínú jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni àárín kò ní fi nǹkan kan hàn. Bó bá jẹ́ igun, etí kan yóò jìn jù, etí kejì yóò sì wá sókè jù. Èkejì ni ìyára ìró nínú omi. Ó tó nǹkan bí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú òkun, iyọ̀ àti ooru ló sì ń yí i padà. Nínú oṣù Keje, òjò ti kún odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, omi aláìníyọ̀ púpọ̀ ti gba inú ọ̀sà jáde sí òkun, ó sì máa ń léfòó lórí omi iyọ̀. Bí iyọ̀ bá dínkù ní ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún, ìró ti fi mítà mẹ́wàá àti díẹ̀ lọ́ra sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín ìlà kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán etí á tẹ̀, etí méjèèjì á sì jọ gbé sókè tàbí kí wọ́n jọ rì. Ìgbà mélòó ni ẹ sọ ẹ̀rọ ìyára ìró sínú omi lọ́jọ́ kan? Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ní òwúrọ̀, mo lè sọ láì ṣiyèméjì pé kò tó ní àkókò òjò nítòsí ẹnu ọ̀sà.

Bí ìyàtọ̀ jíjìn bá sì wà ní àárín ìlà náà, gíga ló kàn. Gíga tí GPS ń fúnni kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òkun. Láti orí ellipsoid, ìyẹn ayé tí a fi ìṣirò ṣe, ló ti ń wọ̀n ọ́n, ojú òkun ní etíkun Èkó sì fi ohun tó lé ní ogún mítà ga ju ellipsoid yẹn lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ náà, kí ẹ sì tún sọ̀ kalẹ̀ láti àárín gíga òkun dé ìpele tí wọ́n fi ń kọ jíjìn sórí máàpù òkun. Ó jọ pé ẹ lo ìyẹn pẹ̀lú PPP nínú oṣù Keje. Ṣé òun náà ni ẹ lò nínú oṣù Kẹta, àbí ìwé àsọtẹ́lẹ̀ kíkún àti fífà òkun? Òkun wa kì í kún ju nǹkan bí mítà kan lọ láti ìpele fífà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí a kà nínú èbúté kì í bá ti ìta òkun mu ní wákàtí tàbí ní gíga, afẹ́fẹ́ sì lè fi kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ máa ń rì sínú omi sí i bó bá sáré, tó sì máa ń léfòó bí epo rẹ̀ bá ń tán. Gíga GPS ń gbé gbogbo ìyẹn mì mọ́ra láìsí ìyọnu. Ìwé àsọtẹ́lẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ogún tàbí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lè ti ibí yìí nìkan wá.

Ó yẹ ká tún bi ara wa bóyá iṣẹ́ náà burú tó bí oníbàárà ṣe rò. Ìlànà S-44 ti àjọ ìwọ̀n òkun àgbáyé, IHO, ló yẹ kí ìwé àdéhùn yín tọ́ka sí. Lábẹ́ Order 1a, ìpele kan nínú ìlànà náà, ní mítà 18, wọ́n gba àṣìṣe tó tó sẹ̀ǹtímítà 55 nínú jíjìn àti mítà 5.9 nínú ipò. Lábẹ́ Special Order, ìpele tó le jù ú lọ, sẹ̀ǹtímítà 28 àti mítà méjì ni. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n méjì wé ara wọn, ìyàtọ̀ tí a lè gbà láàárín wọn pọ̀ ju ti ọ̀kan lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 1.4. Nípa ìṣirò yìí, Order 1a gba iṣẹ́ yín pẹ̀lú ààyè, Special Order sì mú yín ní bèbè gan-an. Ṣùgbọ́n má fi èyí dá ara rẹ nínú dùn. Ààyè yẹn wà fún àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó ń fa gbogbo iṣẹ́ sí ọ̀nà kan náà ní orísun tí a lè rí, oníbàárà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ wá a.

Nípa ríra ẹ̀rọ, màá sọ òótọ́ inú mi. Ní omi mítà 18, RTK àti PPP tí ẹ ní tó fún iṣẹ́ náà bó bá jẹ́ ti ipò nìkan; kódà ìtànṣán multibeam oní dígírì kan ń fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà kó tó kanlẹ̀ níbẹ̀. Ní omi ẹgbẹ̀rún mítà, ó ti fẹ̀ tó mítà 17, ẹni tó ń sanwó fún sẹ̀ǹtímítà méjì níbẹ̀ ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ibi tí ẹ̀rọ tuntun ti lè wúlò ni alẹ́ oṣù Kẹta, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gba GPS àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, GLONASS, Galileo àti BeiDou, pọ̀ ní sátẹ́láìtì tó pọ̀ tó láti fara dà á bí díẹ̀ nínú wọn bá gbọ̀n dànù. Bẹ́ẹ̀, ẹ lè yẹra fún wákàtí yẹn láì ná kọ́bọ̀. Ohun tí èmi ì bá fi owó náà ṣe ni ẹ̀rọ ìyára ìró kejì, àti ọjọ́ kan gbáko fún ìdánwò igun àti àkókò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún máa tọ́jú àkọsílẹ̀ GPS tútù, èyí tí a kò tíì ṣírò, láti ọkọ̀ àti láti base, kí ẹ lè padà ṣírò ipò náà ní ọ́fíìsì síwájú àti sẹ́yìn. PPK ni à ń pè é, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ là tí RTK ti já sọ nù.

Ẹ lè dán ọ̀rọ̀ gíga wò nítòsí ilé kí ẹ tó tún lọ sí Èkó. Òkun kì í kún, kì í fà ní adágún Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ gbé ọkọ̀ kékeré àti áńténà síbẹ̀ lówùúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ní apá tí ewéko orí omi kò bò, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà ní ìyára oríṣiríṣi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gíga áńténà sí ojú omi kúrò, ojú adágún náà yẹ kó jẹ́ nọ́ńbà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ń yí padà pẹ̀lú ìyára, rírì ọkọ̀ ni. Bó bá ń yí padà pẹ̀lú fífì, ìwọ̀n áńténà yín kò tọ́. Bó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ láìnídìí, nígbà náà ni kí ẹ fura sí GPS.

Èwo nínú méjèèjì ni kí ẹ gbà gbọ́? N kò lè yan ọ̀kan fún ọ láti inú lẹ́tà, nítorí n kò rí ìlà àlọ àti àbọ̀ yín, n kò sì rí àkọsílẹ̀ ìyára ìró. Bí a bá ní kí n sọ èrò mi, ìwọ̀n oṣù Keje ni màá gbára lé jù nínú gíga àárín ìlà, màá sì fojú fura wo etí rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ tútù oṣù Kẹta rẹ́. Bí àìsàn náà bá jẹ́ àkókò, datum tàbí igun, a lè tún un ṣírò láìsí pé ọkọ̀ tún wọ omi. Fi ìlà àlọ àti àbọ̀ lórí àfọ́kù náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n áńténà sí, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.